Fúnṣọ́ Adéolú: Ìjòyè Inú Tẹlifíṣọ̀n Tí Ó Di Ọba Òde Rẹ́mọ

Bí ẹnìkan bá ń gbé ọ̀rọ̀ ilé kan lọ sí ilé kejì, orúkọ tí a ó pè é lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: àmẹ̀bọ. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń lò ó, ìyá ọlọ́jà ń lò ó, ọmọ Ìgbò ń lò ó, ọmọ Calabar ń lò ó. Ṣùgbọ́n bí a bá bi púpọ̀ nínú àwa tí a kò tíì pé ẹni ọgbọ̀n ọdún léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, a ó kàn máa wo ara wa lójú ni. Orúkọ ẹ̀dá-ìtàn kan ni. Òṣèré kan tí ń jẹ́ Ìbídùn Allison ni ó gbé e wọ̀ nínú The Village Headmaster, eré àtìgbàdégbà tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n orílẹ̀-èdè yìí ní ọdún 1968, tí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1988. Ogún ọdún gbáko ni àwọn òbí àti àwọn òbí-òbí wa fi jókòó tì í.

Láti inú eré kan náà ni ìjòyè kan ti jáde, Olóyè Ẹlẹ́yinmi. Ẹni tí ó ṣe ipa rẹ̀ ni Fúnṣọ́ Adéolú, ọmọ Òde Rẹ́mọ. Ìjòyè tí ń tẹríba fún ọba nínú eré ni, kì í ṣe ọba. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí eré ti parí, adé gidi bọ́ sí i lórí, ó sì di Aláyé Òde Rẹ́mọ. Ní ilẹ̀ tí àwọn bàbá wa ti máa ń sọ fún ọmọ pé kò gbọdọ̀ lọ di eléré, ìtàn yìí kì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó sọnù.

Àkàkà Rẹ́mọ ni ilé bàbá tèmi. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni àwa àti Òde Rẹ́mọ wà, ìyẹn Àríwá Rẹ́mọ tí olú-ìlú rẹ̀ wà ní Ìṣarà. Ọjà wa wọnú ara wọn, àna wa wọnú ara wọn. Nígbà tí mo bá wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, mo ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà ilé kì í sábà pe ọba Òde ní orúkọ oyè wọn bí ó bá ku àwa nìkan. "Ẹlẹ́yinmi" ni wọ́n ń pè wọ́n, pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́, bí ẹni tí ó ń dárúkọ ìbátan. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo rò pé oríkì ni. Ó di ìgbà tí mo wọ yunifásítì kí n tó mọ̀ pé orúkọ tí ènìyàn kan kọ sínú ìwé eré ni, tí ènìyàn mìíràn sì fi ara rẹ̀ gbé títí tí ó fi lẹ̀ mọ́ ọn.

Rẹ́mọ àti àpótí tí ń sọ̀rọ̀

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́yinmi, ó yẹ kí a rántí ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n gbà dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé ọwọ́ àwọn ọmọ Rẹ́mọ wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1953, nígbà tí ìjà òmìnira gbóná nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, Gómìnà Macpherson bọ́ sórí rédíò, ó sì bá ẹgbẹ́ Action Group wí níṣojú gbogbo ayé. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ní kí wọ́n fún òun náà ní àyè lórí rédíò kan náà kí òun lè fèsì. Wọn kò fún un. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn wọra. Nígbà tí agbára ti wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, àwọn tí ó dá a sílẹ̀ sì fi yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà.

Lára àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síbẹ̀ láti máa gbé ètò jáde ni Olúṣẹ́gun Olúṣọlá, tí a bí ní 1935, tí ìlú rẹ̀ sì jẹ́ Ìpẹ́rù Rẹ́mọ. Òun ni ó gbé My Father's Burden, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ, jáde lórí WNTV ní 1960. Nígbà tí ó yá, ó bá iṣẹ́ lọ sí Èkó, níbi tí ìjọba àpapọ̀ ti dá tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1962. Olúṣọlá yìí kan náà ni ó ṣẹ̀dá The Village Headmaster. Orí rédíò ni eré náà ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn kí ó tó di ohun tí a ń fi ojú wò.

Bí a bá tò ó báyìí, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni ó wà nídìí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́, ọmọ Ìpẹ́rù ni ó ṣẹ̀dá eré, ọmọ Òde sì ni ó wọ aṣọ ìjòyè inú rẹ̀. N kò sọ pé àwa Rẹ́mọ nìkan ni a ni tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà o. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ẹ má bínú. Mo kàn ń sọ pé àwọn ìlú kékeré tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń sáré kọjá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti fi ènìyàn sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Abúlé tí gbogbo Nàìjíríà ń gbé

Ọ̀jà ni orúkọ abúlé inú eré náà. Kò sí lórí àwòrán ilẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ọba, Ọlọ́jà tí Ọ̀jà, tí Déjùmọ̀ Lewis ṣe. Ó ní àwọn ìjòyè. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ kan, olórí ilé ẹ̀kọ́ náà sì ni orúkọ eré ń tọ́ka sí. Ó ní Bassey Okon, tí Jab Adu ṣe. Ó ní Sísí Clara, tí Elsie Olúṣọlá, ìyàwó Olúṣẹ́gun Olúṣọlá fúnra rẹ̀, ṣe. Ó ní Kánsílọ̀ Balógun, tí Wọlé Àmẹ̀lé ṣe. Ó sì ní Amẹ́bọ̀ tí a ti dárúkọ.

Ohun tí ó mú kí eré náà wọ ènìyàn lára ni pé abúlé Yorùbá ni lójú, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni nínú. Ọmọ Yorùbá, ọmọ Calabar, ọmọ Àríwá, gbogbo wọn ń gbé ibẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè eré náà, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gbé ahọ́n oníkálukú dání ni, tí pijin sì ń dà pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ rántí ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀: 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́. Ní àkókò tí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè kan náà ń yìnbọn sí ara wọn, abúlé kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ẹ̀yà oríṣiríṣi ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ àkòdì ilé ẹ̀kọ́ àti owó orí, tí wọ́n sì ń parí ìjà náà láàfin ọba kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ìlànà ìtàn rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tuntun kan yóò wọ abúlé, ó lè jẹ́ òfin ìjọba, ó lè jẹ́ àlejò, ó lè jẹ́ àṣà ìlú ńlá. Olórí ilé ẹ̀kọ́ yóò wò ó pẹ̀lú ojú ìwé, ọba yóò wò ó pẹ̀lú ojú àṣà, àwọn ará ìlú yóò pín sí méjì. Ibẹ̀ ni Ẹlẹ́yinmi ti ń rí iṣẹ́ ṣe.

Kí ni iṣẹ́ ìjòyè tí kì í gbà?

Nínú ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá, wọ́n kọ́ wa láti ya olú ẹ̀dá-ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹ̀dá-ìtàn yòókù. Olú ẹ̀dá-ìtàn ni ìtàn ń tẹ̀lé. Àwọn yòókù ń ràn án lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n dí i lọ́nà. Bí a bá lo òṣùwọ̀n yìí fún The Village Headmaster, olórí ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí gbogbo ènìyàn rántí jù. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: ó tó ènìyàn mẹ́ta tí ó ṣe ipa olórí ilé ẹ̀kọ́ náà ní ìgbà oríṣiríṣi. Ted Mukoro ni ó kọ́kọ́ ṣe é, Fẹ́mi Robinson tẹ̀lé e, Justus Esiri sì ṣe é lẹ́yìn náà. (Justus Esiri yìí ni bàbá Dr SID, olórin tí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀.) Eré náà pààrọ̀ olórí, kò sì dá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ Ẹlẹ́yinmi fún ẹni ọgọ́ta ọdún, ojú ẹnìkan ṣoṣo ni yóò wá sí i lọ́kàn.

Irú òṣèré bẹ́ẹ̀ kì í ní ìpele tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń fún un. Nínú ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn, ó gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹni tí ó ń wòran mọ̀ ọ́n láti inú ìrìn rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Agbádá rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà kan tí ó ń gbà ṣán an sí èjìká. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí yóò dákẹ́. Ó tún gbọ́dọ̀ ṣe é bákan náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀, àti ní ọdún tí ó ń bọ̀, kí ó má sì sú ènìyàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, William Roache bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ken Barlow nínú Coronation Street ní 1960, ó sì ṣe é títí tí àwọn tí ó rí i lọ́mọdé fi bí ọmọ tiwọn. Irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ń béèrè lọ́wọ́ òṣèré. Sinimá lè sọ ènìyàn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní ọjọ́ kan. Tẹlifíṣọ̀n ni ó ń sọ ọ́ di ará ilé.

Ìyá bàbá mi máa ń sọ pé ohun tí ó mú àwọn fẹ́ràn Ẹlẹ́yinmi ni pé "kò gbà fún ọba bẹ́ẹ̀ náà." Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ìjòyè oníwàhálà ni Ẹlẹ́yinmi nínú eré. Ó fẹ́ràn ipò, ó fẹ́ràn àríyànjiyàn, ó sì gbà pé ọgbọ́n òun kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni láàfin. A lè fi í ṣe ẹ̀rín, a sì rẹ́rìn-ín gan-an. Ṣùgbọ́n kì í ṣe apanilẹ́rìn-ín lásán. Ní ìṣèlú Yorùbá, ọba kì í dá ìlú ṣe. Ọ̀yọ́ ní Ọ̀yọ́ Mèsì tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, tí wọ́n lè kọ ọba pátápátá. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, Òṣùgbó wà, àwọn Ìwàrẹ̀fà sì wà lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ sí ni ó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìjòyè tí ó lè sọ pé "Kábíyèsí, èyí kò dára" jẹ́ òpó kan lára òpó ilé. Ìlú tí irú rẹ̀ kò bá sí, ẹnu ọba nìkan ni yóò máa dún níbẹ̀.

Fún ìdí èyí, nígbà tí Fúnṣọ́ Adéolú bá jókòó sínú ààfin Ọlọ́jà tí ó ń bá a jiyàn, ohun tí ó ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń wòran ní Òde, ní Àkàkà tàbí ní Ìpàrà. Irú ìjòyè bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò gbogbo wa. Ohun tí òṣèré yìí ṣe ni pé ó wò ó dáadáa, ó sì dá a padà fún wa pẹ̀lú ẹ̀rín, kí a lè rí ara wa láìbínú.

"Ọmọ mi kò níí ṣe eléré"

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ nípa ojú tí ilé wa fi ń wo iṣẹ́ yìí. Láti ayé alárìnjó ni àwọn kan ti ń ka eléré mọ́ alágbe. Wọ́n á pe eléré wá sí ibi ayẹyẹ, wọ́n á náwó fún un, wọ́n á jó sí orin rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá tọrọ ọmọ wọn láti fi ṣe aya, ojú á yí padà. Hubert Ògúnǹdé, ọmọ Òṣóṣà ní Ìjẹ̀bú, tí gbogbo wa gbà pé ó jẹ́ bàbá fún eré oníṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, mọ ìṣòro yìí dáadáa. Ó dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Láti rí obìnrin bá ṣeré, kí àwọn òbí wọn má sì wá fà wọ́n lọ, ó fi ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣe aya. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Lójú tèmi, ó fi bí ìtìjú iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó hàn: àfi kí obìnrin jẹ́ ìyàwó ọ̀gá kí ayé tó gbà á láyè láti gun orí ìtàgé.

Àwọn òṣèré tẹlifíṣọ̀n bọ́ sí ipò mìíràn díẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣeré, ọ̀pọ̀ nínú wọn kàwé, wọn kì í sì í gbé ẹrù ìtàgé kiri láti ìlú dé ìlú nínú lọ́rì. Èyí fún wọn ní iyì kan tí alárìnjó kò rí gbà. Ṣùgbọ́n iyì kì í ṣe owó. Kò sí ẹni tí ó ń di olówó nípasẹ̀ eré tẹlifíṣọ̀n ní ìgbà náà. Ìfẹ́ iṣẹ́ ni ó ń mú ènìyàn padà wá sí ibi ìgbaradì lẹ́yìn tí ó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Nígbà mìíràn, ayé a máa wá wọn wá láti òkèèrè. Ossie Davis, òṣèré àti olùdarí ọmọ Amẹ́ríkà, ti kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà láti darí fíìmù Kongi's Harvest tí ó jáde ní 1970. Ó tún padà wá láti ya Countdown at Kusini, tí ó jáde ní 1976, tí Delta Sigma Theta, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó kàwé ní Amẹ́ríkà, sì fi owó sí. Lára àwọn òṣèré ilẹ̀ wa tí ó bá òun àti aya rẹ̀, Ruby Dee, ṣe fíìmù yìí ni Jab Adu, Elsie Olúṣọlá àti Fúnṣọ́ Adéolú. Ẹ kíyè sí i: àwọn ará abúlé Ọ̀jà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé ẹ̀kọ́ eré ni abúlé yẹn jẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè é bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí adé dé

Ní Rẹ́mọ, ènìyàn kì í di ọba nítorí pé ayé mọ orúkọ rẹ̀. Ìdílé ọba ni a ti ń yan ọba, ìdílé wọ̀nyí sì ń gbà á ní ìtẹ̀léra. Àwọn afọbajẹ yóò jókòó, wọn yóò wádìí ìran, a ó bi Ifá léèrè, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò sì fi ọwọ́ sí i. Tẹlifíṣọ̀n kò sí nínú rẹ̀. Orúkọ ìdílé Adéolú ti gbé adé dání kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún Ẹlẹ́yinmi.

Síbẹ̀, ilẹ̀ Rẹ́mọ ní àṣà kan tí mo fẹ́ràn: a kì í bẹ̀rù láti pe ẹni tí ayé mọ̀ wá sílé kí ó wá gbé ẹrù ìlú. Sámúẹ́lì Akínsànyà wà lára àwọn tí ó jà fún òmìnira nínú ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement ní Èkó. Ní 1941 kan náà tí ẹgbẹ́ náà fọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìdìbò tí òun wà nínú rẹ̀, ó di Ọdẹ́mọ Ìṣarà. Òṣèlú ni ìyẹn. Ní ti Òde Rẹ́mọ, òṣèré ni. Ìlú kan gbà pé ẹni tí ó ti mú gbogbo orílẹ̀-èdè rẹ́rìn-ín lè jókòó lórí ìtẹ́ baba ńlá wọn, kí iyì ìtẹ́ náà má sì dínkù. Fún àwọn òbí tí ó ń bẹ̀rù pé eré ṣíṣe yóò ba orúkọ ìdílé jẹ́, n kò mọ èsì tí ó tún ju èyí lọ.

Láti ibi tí a dé yìí, n kò lè pe Fúnṣọ́ Adéolú ní "ó" mọ́. Kábíyèsí ni wọ́n. Mo sì máa ń ronú nípa bí ìyípadà náà yóò ti rí. Nínú eré, bí Ẹlẹ́yinmi bá jiyàn kọjá ààlà, ẹni tí ó kọ eré ni yóò mú un padà. Nínú ààfin gidi, kò sí ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọba. Ẹjọ́ ilẹ̀ yóò dé, tẹ̀gbọ́n tàbúrò yóò dojú kọ ara wọn lórí oko obì tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àwọn ìjòyè yóò jókòó níwájú Kábíyèsí, ó sì dájú pé ọ̀kan yóò wà nínú wọn tí kì í gbà bọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó sí àyè ìjòyè, bó tilẹ̀ jẹ́ nínú eré, ti mọ ohun tí ọba kì í sábà mọ̀: bí ọ̀rọ̀ ọba ti ń dún létí ẹni tí ó wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà níbẹ̀ tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Déjùmọ̀ Lewis, tí ó ṣe ọba nínú The Village Headmaster láti ìgbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, tún padà wá ṣe ọba nínú Agogo Èèwọ̀, fíìmù Túndé Kèlání tí ọ̀pọ̀ nínú wa wò nílé. Ọba inú eré ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí jálẹ̀. Ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀ fún un nínú Ọ̀jà ni ó lọ jọba gidi. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé orí ẹni ló mọ ibi ẹsẹ̀ ń rè.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Kábíyèsí ti wàjà. Olúṣẹ́gun Olúṣọlá, tí ó padà di aṣojú Nàìjíríà ní orílẹ̀-èdè Ethiopia, kú ní 2012. Justus Esiri kú ní 2013, Jab Adu sì kú ní 2016. Àwọn ará Ọ̀jà ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá jẹ́ pé eré wọn wà fún wa láti wò, ikú wọn kò ní dùn wá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí tẹlifíṣọ̀n ti ń ṣiṣẹ́ ní ayé ìgbà náà kò jẹ́ kí ó rọrùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí òṣèré ti ń ṣeré nínú ilé iṣẹ́ ni ẹni tí ó wà nílé ń rí i. Bí eré ti tán, ó ti tán nìyẹn. Nígbà tí téèpù sì dé, ó wọ́n. Ilé iṣẹ́ a máa pa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè tún un lò fún ètò mìíràn. Kì í ṣe àwa nìkan ni ó ṣe é. BBC ní Lọ́ńdọ̀nù pàápàá pa ọ̀pọ̀ ìpele Doctor Who ti àwọn ọdún 1960 rẹ́, wọ́n sì ń wá wọn kiri ayé títí di òní. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ń wá tiwọn. Wọ́n ti rí àwọn kan gbà padà láti ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ti gba òmíràn lọ́wọ́ àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Àwọn kan tilẹ̀ dé láti Jos, ní Nàìjíríà wa níbí, ní 2013. Àwọn ará òkèèrè wá eré tiwọn dé àárín wa, wọ́n sì rí i. Ta ni ó ń wá tiwa?

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ègé díẹ̀díẹ̀ ni a ń rí nínú The Village Headmaster. Mo ti jókòó ti irú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwòrán rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ohùn ń lọ ó ń bọ̀. Síbẹ̀, mo rí ohun tí ìyá bàbá mi ń sọ. Kò sí ẹni tí ó ń kánjú nínú ààfin yẹn. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn kí wọ́n tó fèsì, bí àgbà ti ń ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, kò sì ní ná yín ju agbára fóònù yín lọ. Ẹ lọ bá ẹni tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nínú ilé yín. Ẹ béèrè ta ni Ẹlẹ́yinmi. Ẹ béèrè ilé ta ni wọ́n ti ń wo tẹlifíṣọ̀n, ènìyàn mélòó ni ó ń jókòó sílẹ̀, ta ni ó ń túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kò gbọ́ ọ. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí téèpù bá ti parẹ́, àwọn tí ó wòran ṣì kù, ìrántí wọn sì ni ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó wà lọ́wọ́ wa nípa ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré yìí.

Ìmọ̀ràn kejì lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ọmọ wọn ń sọ pé òun fẹ́ ṣe òṣèré. Ẹ má sọ fún un pé eléré ni òtòṣì. Ẹ sọ fún un pé iṣẹ́ tí ó ń béèrè sùúrù ni, pé wọ́n lè má fún un ní ipa olú ẹ̀dá-ìtàn láéláé, pé ó lè jẹ́ ìjòyè kan nínú abúlé kan ni yóò máa ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ó bá gbọ́ gbogbo èyí, tí ó sì ṣì fẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Kí ó kàn lọ ṣe ìjòyè yẹn dáadáa, títí tí àwọn ìyá àgbà ní abúlé tí kò tíì dé rí yóò fi máa dárúkọ rẹ̀ bí ọmọ ilé wọn.